Bí Omi Bá Yí Sí Àwọ̀ Ewé: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Bá Algae Eléwu Pàdé

Adágún tó mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè di aláwọ̀ ewé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Oògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wá, oògùn tí wọ́n lè dà sí i kí ó tètè mọ́. Ìkánjú yẹn ti pa ẹja púpọ̀. Àwọ̀ tí a ń rí lókè omi ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú ohun tó ń ṣàn wọ inú omi láti orí ilẹ̀, nígbà mìíràn láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, mo to ìtọ́sọ́nà yìí bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó tẹ̀ léra: ẹ dáàbò bo ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn, ẹ mọ ohun tó wà níwájú yín, ẹ wọn omi, ẹ gba ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ là, lẹ́yìn náà kí ẹ wá orísun rẹ̀ kàn.

Algae kì í ṣe ọ̀tá omi. Ohun abẹ̀mí tínńtín ni, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi ń jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ àwọn kòkòrò náà, ẹja ńlá ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Wàhálà máa ń dé nígbà tí irú kan ṣoṣo bá gbilẹ̀ débi pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò lè kápá rẹ̀ mọ́. Nínú omi tí kò níyọ̀, cyanobacteria ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bakitéríà ni ní ti gidi, ṣùgbọ́n algae ni gbogbo ènìyàn ń kà á mọ́, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Microcystis àti Dolichospermum wà lára àwọn tí a sábà ń bá pàdé. Nínú òkun, àwọn mìíràn ló ń ṣe é: Karenia brevis tó máa ń sọ omi etíkun Florida di pupa rẹ́súrẹ́sú, Alexandrium, àti Pseudo-nitzschia.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bá ara wọn pàdé kí ó tó gbilẹ̀. Èkíní ni oúnjẹ, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn. Èkejì ni ooru, nítorí ọ̀pọ̀ cyanobacteria ń dàgbà dáadáa bí omi bá gbóná ju 25°C lọ. Ẹ̀kẹta ni omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn kan lára cyanobacteria ní àpò afẹ́fẹ́ tínńtín nínú ara, wọn a fi léfòó wá sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọn a sì ṣíji bo gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí omi bá ń dà rú tàbí tó ń ṣàn, àǹfààní yìí bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yà kúrò nínú omi náà

Ẹ má ṣe dúró de èsì àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣe èyí. Ojú kò lè dá omi tó ní májèlé mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, nítorí pé irú algae kan náà lè ní májèlé lónìí kí ó má ní in ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí omi bá ti yí sí àwọ̀ ewé tó ki, tàbí tí ohun kan léfòó lójú rẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, ẹ kà á sí eléwu. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọdé má ṣeré létí rẹ̀, kí ẹ má bu ún fọ aṣọ tàbí fọ abọ́, kí ẹ má sì fi bomi rin ẹ̀fọ́ tí ẹ óò jẹ ewé rẹ̀.

Ajá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Yóò wọ omi, yóò mu ún, yóò sì tún lá irun ara rẹ̀ tí algae ti lẹ̀ mọ́. Anatoxin-a, ọ̀kan lára àwọn májèlé tí cyanobacteria ń ṣe, ń dá iṣan ara dúró débi pé ẹranko kò ní lè mí mọ́, ó sì lè pa ajá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí mélòó kan. Bí ajá yín bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi mímọ́ fọ gbogbo ara rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko láìdúró de àmì kankan. Ní ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, ẹ sé etí omi náà mọ́ wọn kí ẹ sì máa gbé omi mìíràn fún wọn. Lọ́dún 2020, erin tó lé ní 300 kú ní Botswana. Ìjọba ibẹ̀ sọ pé májèlé cyanobacteria nínú àwọn adágún tí wọ́n ti ń mu omi ló fà á. Bí ó bá lè gbé erin ṣánlẹ̀, ẹ lè fojú inú wo ohun tó lè ṣe fún ọmọ màlúù.

Bí ó bá kan ènìyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ wẹ̀ kíákíá. Ara yíyún, ojú pípọ́n, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, orí fífọ́ àti ikọ́ wà lára àmì rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti wọ omi tí algae bò, nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó ṣòro kí ó tó ronú kan ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò

Kì í ṣe gbogbo ohun aláwọ̀ ewé tó wà lójú omi ló léwu. Ojúoró ní ewé àti gbòǹgbò tí ojú ń rí, òṣíbàtà náà kò ṣòroó dá mọ̀. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ kan wà tí wọn kò tóbi ju orí ìṣó lọ, tí wọ́n sì máa ń bo gbogbo ojú adágún. Ẹ gbé ọ̀kan sọ́wọ́ tí ẹ fi ìbọ̀wọ́ bò, ẹ óò rí gbòǹgbò kékeré tó ń so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe cyanobacteria.

Ẹ mú igi gígùn kan, ẹ kì í bọ inú ohun tó léfòó náà, kí ẹ fà á sókè jẹ́jẹ́. Bí ó bá yọ pẹ̀lú fọ́nrán gígùn tó so mọ́ ọn bí irun, algae lásán ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ó lè dí àwọ̀n lọ́wọ́, kò sábà ní májèlé. Bí igi náà bá jáde tí àwọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo ara rẹ̀, tó ń kán sílẹ̀, láìsí fọ́nrán tí ọwọ́ lè mú, ẹ fura sí cyanobacteria.

Àyẹ̀wò kejì nílò ìgò tó hàn gbangba tó ní ìdérí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bu omi náà láti abẹ́ ojú omi, kì í ṣe láti inú ohun tó ti dì sókè. Ẹ bù ú dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgò, ẹ dé e, ẹ nu ara rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì títí di ọjọ́ kejì láìmì í. Bí àwọ̀ ewé náà bá kó ara jọ sókè tó ṣe òrùka yí etí omi ká, àpò afẹ́fẹ́ tí mo sọ níṣàájú ló gbé e dé ibẹ̀, cyanobacteria ló sì ṣeé ṣe jù. Bí ó bá rọ̀ sísàlẹ̀, algae mìíràn ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sára ìgò náà kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì mu ún. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá májèlé wà níbẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ fún yín bóyá ó yẹ kí ẹ náwó sórí ilé àyẹ̀wò.

Etí òkun yàtọ̀. Algae òkun lè sọ omi di pupa, di àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kó má yí àwọ̀ rẹ̀ padà rárá. Pseudo-nitzschia lè wà nínú omi tí ojú ń rí bí omi mímọ́ gaara. Nítorí náà, fún ẹni tó ń kó ẹran òkun oníkarahun, ìkéde àwọn aláṣẹ ni kó máa tẹ̀ lé, kì í ṣe àwọ̀ omi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn omi, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ohun mẹ́rin péré tó fún ìbẹ̀rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jìn tó nínú omi, ooru omi, ọ́síjìn, àti pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi ní ásíìdì tàbí kò ní.

Fún ti ìmọ́lẹ̀, àwo Secchi kò tíì ní arọ́pò. Angelo Secchi, àlùfáà tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1865. Àwo rogodo pẹlẹbẹ ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, tí wọ́n kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun. Ẹ lè fi ike líle ṣe é, kí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ okùn tí ẹ ti sàmì sí. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ojú yín kò fi ní rí i mọ́, ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ fà á sókè títí yóò fi tún hàn, ẹ kọ ìyẹn náà. Àárín méjèèjì ni ìdáhùn. Ẹ máa ṣe é ní ibì kan náà, ní ọ̀sán gangan, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Adágún tí nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra ti ń kìlọ̀ fún yín kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà.

Ọ́síjìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀n ní àkókò tí kò yẹ. Ní ọ̀sán, algae ń tú ọ́síjìn jáde, ẹ̀rọ yóò sì fi nọ́ńbà tó dùn mọ́ni hàn yín. Bí ilẹ̀ bá ṣú, algae kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gẹ́gẹ́ bí ẹja ṣe ń fà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó máa ń kéré jù. Nítorí náà, ìdájí kùtùkùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí oòrùn tó yọ. Bí ó bá ti wà lábẹ́ míligíráàmù 4 nínú lítà kan, ara ọ̀pọ̀ ẹja ti ń ni wọ́n. Bí ó bá lọ sábẹ́ 2, ẹja tí kò lè sá yóò kú. Ẹ kò ní ẹ̀rọ? Ẹ dé etí omi ní ìdájí kí ẹ wò bóyá ẹja ń yọ ẹnu sókè tí wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ìyẹn náà tó ìkìlọ̀.

Ti pH ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, nítorí pé ó ń pa ẹja tí ẹni tó ni ín kò sì ní mọ ohun tó pa á. Bí algae ṣe ń fa káríbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì inú omi ní ọ̀sán, pH ń gòkè, ó sì lè kọjá 9. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ wọn máa ń ní amóníà, tó wà ní ìrísí méjì: ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì ń pa ẹja. Nínú omi tó wà ní 25°C, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tó ń pa ẹja kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo amóníà náà. Bí pH bá gòkè dé 9, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Iye amóníà kò yí padà rárá, omi ló yí i padà di májèlé. Ẹ wọn pH lẹ́ẹ̀mejì, ní ìdájí àti ní ọ̀sán. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá fẹ̀, algae ti ń darí omi yín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé àyẹ̀wò náà kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń yẹ májèlé algae wò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ bu omi sínú ìgò aláwọ̀ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ẹ gbé e sórí yìnyín láì jẹ́ kó dì, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí 24. Ẹ bu ìgò kan níbi tí algae ti dì jù, kí ẹ bu òmíràn láàárín adágún. Àkọ́kọ́ yóò sọ ewu tó burú jù fún yín, èkejì yóò sọ bí gbogbo omi náà ṣe rí. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti bù ú sára ìgò.

Májèlé tí wọ́n sábà ń kọ́kọ́ wá ni microcystin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi lélẹ̀ fún omi tí a óò máa mu títí ayé jẹ́ máíkírógíráàmù 1 irú èyí tí wọ́n ń pè ní microcystin-LR nínú lítà kan. Fún omi tí a kàn ń wẹ̀ tàbí tí a ń ṣeré nínú rẹ̀, 24 ni. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn tó ń bójú tó omi ládùúgbò yín ní ọjọ́ kan náà, ẹ má dúró kí èsì tó dé.

Bí ẹ bá ń mu omi yìí

Mo ya èyí sọ́tọ̀ nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ burú. Ẹ má ṣe sè é. Síse kì í pa microcystin. Bí omi ṣe ń fà lórí iná ni májèlé tó kù nínú rẹ̀ ń ki sí i. Kòlórínì tí a kàn dà sínú omi aláwọ̀ ewé máa ń fọ́ algae, májèlé inú rẹ̀ yóò sì tú jáde sínú omi. Ilé iṣẹ́ omi tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ yọ algae náà ní odidi kúrò, kí ó tó lo èédú amọ́mimọ́ àti kòlórínì tàbí ósóònù fún èyí tó ṣẹ́ kù.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n sọ fún nǹkan bí 400,000 ènìyàn ní ìlú Toledo, ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, torí pé microcystin láti adágún Erie ti wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 2007, algae bo adágún Tai ní Ṣáínà, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ní ìlú Wuxi kò sì rí omi mu. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Caruaru, ní Brazil, lọ́dún 1996. Omi tó ní microcystin dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó lé ní 50 nínú wọn tó kú. Bí ẹ kò bá ní omi mìíràn, orísun mìíràn ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ óò fi sọ eléyìí di mímu nínú ilé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní kánjú da oògùn sómi.

Ìmọ́lẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń pàdánù. Algae tó ki lókè ń dènà oòrùn, koríko tó fìdí múlẹ̀ nísàlẹ̀ omi yóò sì kú. Koríko yẹn ni ilé ọmọ ẹja, òun ló di ẹrẹ̀ mú kó má rú, òun náà ló ń bá algae dù oúnjẹ. Bí ó bá ti lọ, ẹrẹ̀ yóò rú, omi yóò tún ṣókùnkùn sí i, algae yóò sì ní oúnjẹ púpọ̀ sí i. Ẹ wo ọ̀sà Indian River Lagoon ní Florida: ọ̀pọ̀ ọdún tí algae fi ń bo ibẹ̀ pa koríko òkun tí ẹran omi tí wọ́n ń pè ní manatee ń jẹ. Lọ́dún 2021, manatee tó kú ní Florida lé ní 1,000, ebi ló sì pa púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe májèlé algae ló pa àwọn wọ̀nyẹn. Oúnjẹ wọn ni algae náà pa.

Lẹ́yìn èyí ni ìpín oúnjẹ yóò dàrú. Daphnia, kòkòrò kékeré tó ń sẹ́ omi kó lè jẹ algae, kò lè jẹ Microcystis dáadáa. Ìdìpọ̀ rẹ̀ tóbi jù fún un, ó ń dí ẹnu rẹ̀, kò sì ní èròjà tó lè mú un dàgbà. Daphnia yóò dín kù, ọmọ ẹja tó ń jẹ Daphnia yóò rù, algae yóò sì máa pọ̀ sí i nítorí pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti dín kù.

Ìpele tó ń pa ẹja jù ni ìgbà tí algae fúnra rẹ̀ bá kú. Ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́ lè pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Bakitéríà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú rẹ̀, wọn yóò sì lo ọ́síjìn gbogbo omi náà tán. Májèlé tó wà nínú algae títí di ìgbà náà yóò tú sínú omi. Bí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí irin inú ẹrẹ̀ ti dì mú yóò tú sílẹ̀, yóò gòkè, yóò sì di oúnjẹ algae mìíràn. Ìdí nìyẹn tí adágún kan ṣe lè máa yí sí àwọ̀ ewé lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti dí ojú ibi tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé.

Àwọn algae kan kò tilẹ̀ dúró kí ọ́síjìn tó tán. Prymnesium parvum ń tú májèlé tó ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Lọ́dún 2022, ó gbilẹ̀ nínú odò Oder, láàárín Poland àti Jámánì, nígbà tí iyọ̀ inú omi ìdọ̀tí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tú síbẹ̀ pọ̀, tí omi sì fà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Algae omi oníyọ̀ ni, àmọ́ wọ́n ti sọ odò di ibùgbé fún un. Ẹja tó kú lé ní 300 tọ́ọ̀nù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba ẹja là láìpa algae lójijì

Ẹ dẹ́kun fífún ẹja lóúnjẹ. Ẹja tí kò rí ọ́síjìn tó kò ní jẹun, oúnjẹ tó rì yóò sì jẹrà, yóò gba ìyókù ọ́síjìn. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, tàbí pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè tó sì ń tú u dà sẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tan ẹ̀rọ ní ọ̀sán tí wọ́n sì ń pa á ní alẹ́ láti fi owó iná pamọ́. Alẹ́ gan-an ni ẹja nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ní omi mímọ́ nítòsí, ẹ pààrọ̀ ìwọ̀nba lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tú omi eléwu náà sínú odò tí àwọn ẹlòmíràn ń lò.

Ẹ lè fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré gidigidi gbá èyí tó ti dì sí etí omi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, kí ẹ gbé e jìnnà sí etí omi, níbi tí òjò kò ti ní gbá a padà àti tí ẹran ọ̀sìn kò ti ní dé. Gbogbo algae tó bá jáde ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ara rẹ̀.

Copper sulphate ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún yín. Ó ń pa algae lóòótọ́. Bí ẹ bá lò ó nígbà tí algae ti bo gbogbo omi, ẹ óò pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé ẹ óò fi ọwọ́ ara yín mú ọjọ́ tí ọ́síjìn yóò tán wá, ẹ óò sì tú májèlé rẹ̀ sílẹ̀. Bàbà tó wà nínú oògùn náà kò ní jẹrà, inú ẹrẹ̀ ni yóò máa kó jọ, ó sì ń pa Daphnia tí ẹ nílò kí ó wá jẹ algae. Nínú omi tí kò ní èròjà ilẹ̀ bíi kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, ó ń pa ẹja pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin kò gbà kí ẹ lò ó láìgbàṣẹ. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹja tí ẹ bá rí tó ti kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ajá. Bí àwọn aláṣẹ bá gbà kí ẹ jẹ èyí tí ẹ mú láàyè, ẹ yọ ẹ̀dọ̀ àti gbogbo ìfun rẹ̀ sọ nù kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan ẹran rẹ̀. Ní ti ẹran òkun oníkarahun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ń sẹ́ omi púpọ̀, wọ́n sì ń kó májèlé jọ sára láì jẹ́ pé ó ṣe wọ́n ní nǹkankan, iná kì í sì í pa saxitoxin tàbí domoic acid, àwọn májèlé tí algae òkun ń ṣe. Lọ́dún 1987, àwọn tó jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ láti Prince Edward Island ní Kánádà ṣàìsàn, wọ́n lé ní 100, àwọn mìíràn pàdánù agbára ìrántí wọn, àwọn mẹ́ta sì kú. Bí wọ́n bá ti ibi tí wọ́n ti ń kó o pa, ẹ má kó o.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá orísun rẹ̀ kàn

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Lọ́dún 1973, David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ ike ńlá pín Adágún 226, ní Ontario ní Kánádà, sí méjì. Wọ́n fi káríbọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá kan. Wọ́n fi méjèèjì yìí sí apá kejì, wọ́n sì fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún un. Apá tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yí sí àwọ̀ ewé, èkejì kò yí. Ní Seattle, láàárín ọdún 1963 sí 1968, wọ́n darí omi ìdọ̀tí ìlú kúrò nínú adágún Washington, kò sì pẹ́ tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, láìda oògùn kankan sí i. Fún adágún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, nítorí pé àwọn cyanobacteria kan lè fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Fún ọ̀sà àti etí òkun, náítírójìn ló sábà ń kó ipa tó pọ̀ jù, nítorí náà méjèèjì ni kí ẹ dín kù níbẹ̀.

Ẹ rìn yí omi náà ká nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ló ń fi ọ̀nà hàn. Ẹ kọ gbogbo ibi tí omi ti ń ṣàn wọlé sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ti wá: oko, ibi tí ẹran ọ̀sìn ń sùn, ṣálángá tó ń jò, gọ́tà, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ẹ bu omi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀kan péré nínú wọn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kojú.

Bí ó bá jẹ́ oko, ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó fi ajílẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tó ti ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó kò nílò òmíràn, ohun tí ẹ bá fi kún un, omi ni yóò gbà á. Ẹ má fọ́n ọn nígbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀. Ẹ fi ilẹ̀ tó tó mítà mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sílẹ̀ létí omi láìro ó, kí ẹ gbin igi àti koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ púpọ̀, kí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹran ọ̀sìn, ẹ gbé ibi ìmumi wọn jìnnà sí etí omi. Bí ó bá jẹ́ ṣálángá, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ gbẹ́ òmíràn sí ibi tó ga tó sì jìnnà. Bí ó bá jẹ́ adágún ẹja, ẹ fún ẹja ní ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kíákíá, kí ẹ má sì kó ẹja jù ú.

Bí ẹ bá ti dí gbogbo ojú ọ̀nà yìí, tí algae sì ń padà wá lọ́dọọdún, inú ẹrẹ̀ ló kù. Wọ́n lè gbẹ́ ẹ jáde, wọ́n lè da alum tàbí amọ̀ tó ní lanthanum sí i láti dì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, wọ́n sì lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ adágún. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ẹ lè dá ṣe. Alum tó bá pọ̀ jù lè fa pH wálẹ̀ débi tí yóò fi pa ẹja, nítorí náà ẹ pe onímọ̀ tó ti ṣe é rí. Ẹ má sì ṣe é kí ẹ tó dí ojú ibi tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé, torí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tuntun yóò bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbà tí ẹ lè padà sínú omi

Àwọ̀ tó lọ kò túmọ̀ sí pé májèlé ti lọ. Ó lè kù nínú omi lẹ́yìn tí algae ti kú, afẹ́fẹ́ sì lè gbé èyí tó kù jọ sí igun kan létí omi. Ẹ jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn. Bí èsì méjèèjì bá wà lábẹ́ ìwọ̀n, tí àwo Secchi sì ń fi hàn pé omi ń mọ́ sí i, ẹ lè yọ àmì ìkìlọ̀ kúrò. Ẹ máa bá wíwọ̀n náà lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìgbà ooru yóò fi kọjá, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ìgbà tí algae kọ́kọ́ yọ lọ́dún yìí.